Ṣé lóòótọ́ ni pé abúlé ni Peckham tẹ́lẹ̀? Ẹ gbà mí lórí iṣẹ́ ilé ọmọ mi o

OmoOluyole_SE15:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tísà wọn ní kí kálukú lọ kọ ìtàn àdúgbò tó ń gbé, látìgbà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ dó títí dòní, ojú ìwé méjì, kí wọ́n sì bi àwọn àgbà ilé léèrè. Àgbà ilé náà rèé, èmi tí mo dé Peckham ní gúúsù London yìí ní July 2011, mi ò tíì lò tó oṣù kan tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń dáná sun nǹkan, mo pe ìyá mi n'Íbàdàn mo ní màámi ṣé ìlú òyìnbó tí ẹ gbààwẹ̀ lé lórí rèé. Ohun tí mo rántí jù ni àwọn ìwé pélébé pélébé aláwọ̀ oríṣiríṣi tí àwọn èèyàn wá ń lẹ̀ mọ́ pákó tí wọ́n fi dí ojú ṣọ́ọ̀bù kan ní Rye Lane lẹ́yìn tí wàhálà náà rọlẹ̀, kálukú ń kọ ìdí tó fi fẹ́ràn Peckham síbẹ̀, èmi náà kọ tèmi, mo ní "Ọlọ́run ṣọ́ wa". Yàtọ̀ sí ìyẹn mi ò mọ nǹkan kan.

Ohun tó wá gbé mi wá síbí ni pé ọmọ yìí dé láti ilé ìwé lánàá ó ní "Dádì, tísà wa ní abúlé ni Peckham tẹ́lẹ̀, ṣé àwa la wà lábúlé yẹn?" Ẹ̀rín pa mí. Mo ní abúlé kẹ̀! Abúlé tí mo mọ̀ ni ti bàbá bàbá mi lẹ́yìn Mọ́níyà, tí ajá á kọ́kọ́ gbó kí èèyàn tó yọjú síta. Peckham tí wọ́n ti ń ta pọ̀nmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe èékánná, ibo ni abúlé fẹ́ gbà wọ ibẹ̀.

Ẹni tó bá mọ̀ kó jọ̀ọ́ sọ fún mi, àwọn wo ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, kí ni wọ́n ń ṣe jẹun, báwo ló ṣe di London, ìgbà wo làwa gan-an dé. Ẹ má kọ gírámà fún mi o, ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n máa gbà á.


Baba_Bosi12:

Ọmọ mi, o káre. Tísà ò parọ́, abúlé ni, abúlé pọ́ńbélé.

Mo wa bọ́ọ̀sì 12 fún ọdún mọ́kàndínlógún kí n tó fẹ̀yìn tì, èèyàn ò sì lè máa gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo fún ọdún mọ́kàndínlógún kó má bèèrè ẹni tó la ọ̀nà ọ̀hún. Ìgbà tí mo sinmi iṣẹ́ tán ni mo bẹ̀rẹ̀ sí lọ jókòó ní láìbìrì, ìyàwó mi ní ó sàn ju kí n jókòó sílé kí n máa ṣọ́ ìkòkò òun.

Ohun tó yẹ kí ọmọ wa kọ́kọ́ mọ̀ ni pé London ò dé ọ̀dọ̀ wa rárá nígbà yẹn. London wà lódìkejì odò Thames lọ́hùn-ún, oko ló wà láàárín. Ilé díẹ̀ lójú ọ̀nà ni Peckham, abẹ́ Camberwell ló wà, Camberwell sì wà ní Surrey. Àwọn tó ń da màlúù bọ̀ láti Kent lọ tà á ní London, Peckham ni wọ́n ń sùn. Wọ́n á sé màlúù mọ́nú ọgbà, wọ́n á wọ ilé ọtí, ilẹ̀ á mọ́ wọ́n á tún gbéra. Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń kó màlúù sọ̀ sí Kara létí odò Ògùn kó tó wọ Èkó? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Nígbà tí mo ń wa bọ́ọ̀sì mo máa ń kọjá níwájú ilé ọtí kan ní Peckham High Street tí wọ́n fi orúkọ àwọn darandaran Kent yẹn sọ, wàá rí wọn níta tí wọ́n ń mu bíà, kò sẹ́ni tó rántí màlúù kankan.

Àwọn ará abúlé fúnra wọn, àgbẹ̀ ni wọ́n. Ẹ̀fọ́ àti èso ni wọ́n ń gbìn fún ọjà London, mẹ́lọ́ọ̀nù, ọ̀pọ̀tọ́, èso àjàrà, bí ẹni ń ka Bíbélì. Ní Peckham tó ń tutù yìí o! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ojú ìwé yẹn kó tó dá mi lójú.

Ilé ńlá kan sì wà níbẹ̀, ilé olówó tó ni ilẹ̀, Sir Thomas Bond ló tún un kọ́ ní 1672, ọgbà ẹ̀ ò kéré, ó hàn ketekete nínú máàpù tí wọ́n yà ní 1746. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni ìdílé yẹn, ẹ̀yìn ọba James Kejì ni wọ́n wà, nígbà tí ọba náà ṣubú ní 1688 làwọn èèyàn ya wọ ilé ọ̀hún tí wọ́n bà á jẹ́ tí wọ́n kó o nígbáàgbọ̀n. Ìṣèlú ò yàtọ̀ níbikíbi. Ní 1797 wọ́n wó ilé náà palẹ̀ kí wọ́n lè la Peckham Hill Street, ojú ọ̀nà tí èmi ń gbà lọ sí láìbìrì.

Ó wá kan ibi tí mo fẹ́ràn jù. Ní nǹkan bí 1850, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Thomas Tilling bẹ̀rẹ̀ sí fi bọ́ọ̀sì tí ẹṣin ń fà gbé èrò láti Peckham lọ sí Oxford Street. Gbọ́ mi yé, Peckham sí Oxford Street! Ojú ọ̀nà tèmi nìyẹn! Àwọn yòókù nígbà yẹn á máa yí kiri wá èrò, wọ́n á dúró títí á fi kún bíi dánfó Ọ̀jọ́ta, Tilling ní rárá, ibi tí ẹ ti máa wọ̀ ọ́ nìyí, aago tó máa gbéra nìyí, ẹni tí ò bá sí níbẹ̀ kó máa fẹsẹ̀ rìn. Nígbà tó máa fi kú ní 1893 ẹṣin tó ní tó 4,000. Tí mo bá pẹ́ ìṣẹ́jú méjì tí èrò bẹ̀rẹ̀ sí bú mi, mo máa ń sọ nínú ọkàn mi pé Tilling ló fà á, ẹ lọ bá a.

Rélùwéè ló wá parí iṣẹ́ náà. Ọjọ́ kìíní December 1865 ni wọ́n ṣí sítéṣọ̀n Peckham Rye. Akọ̀wé tó ń ṣiṣẹ́ ní London wá lè sùn ní Peckham kó sì dé ọ́fíìsì láàárọ̀, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí ta oko ní púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì, bí wọ́n ṣe ń ta Mọ́níyà tìẹ yẹn látìgbà tí rélùwéè tuntun ti dé ibẹ̀.


Akowe_Nunhead:

Bàbá ẹ ṣé gan-an, ìtàn Tilling yẹn mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ, ó ṣì ń dùn. Àmọ́ ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ kún un torí tísà ní látìgbà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ dó, màlúù àti àjàrà sì pẹ́ kí wọ́n tó dé.

Peckham ò ní Lágelú tiẹ̀, orúkọ ni ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀ fi sílẹ̀ fún wa. Èdè àwọn Saxon ni, "ham" yẹn ìletò ló ń jẹ́, òun náà ló wà lẹ́yìn Clapham àti Streatham, "Peck" yẹn sì ni òkè, ìyẹn ìletò ẹ̀bá òkè. Odò kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Peck, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé odò ló fún abúlé lórúkọ, òdìkejì ẹ̀ ni, abúlé ló fún odò lórúkọ. Rye tó wà nínú Peckham Rye náà kì í ṣe ọkà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì o, ọ̀rọ̀ àtijọ́ fún ìṣàn omi ni, torí náà tẹ́nì kan bá ní oko ọkà ni ibẹ̀, ẹ dá a lóhùn.

Ìwé tí orúkọ náà ti kọ́kọ́ ṣe gbòógì ni ìwé Domesday ti 1086, ìgbà tí ọba William tó fogun gba England ní kí wọ́n ka gbogbo ilẹ̀ kóun lè mọ iye tóun máa gbà lọ́wọ́ kálukú. "Pecheham" ni wọ́n kọ. Ilẹ̀ tí ohun ìtúlẹ̀ kan ṣoṣo tó fún, pápá koríko díẹ̀, ṣílè 30. Ó parí. Gbogbo Peckham látòkè délẹ̀, ṣílè 30, ìyẹn pọ́n-ùn kan àbọ̀, tí ò tó owó bọ́ọ̀sì 12 tí bàbá ń wà. Ọmọ gbọ́dọ̀ kọ ìyẹn o, tísà á rẹ́rìn-ín.

Kó má gbàgbé áńgẹ́lì náà. Láàárín àwọn ọdún 1760, ọmọkùnrin kan bí ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá rìn láti London wá ṣeré ní Peckham Rye, ó gbójú sókè ó rí igi kan tí áńgẹ́lì kún ẹ̀ka ẹ̀, ìyẹ́ wọn ń dán bí ìràwọ̀. Ó délé ó sọ ọ́, díẹ̀ ló kù kí bàbá ẹ̀ nà án pé irọ́ ló ń pa, ìyá ẹ̀ ló gbà á sílẹ̀. William Blake ni ọmọ yẹn, ó di akéwì ó sì di ayàwòrán tí gbogbo ayé mọ̀. Ká ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa ti wà ní Peckham nígbà yẹn ni, ibẹ̀ ì bá ti di òkè àdúrà, ẹ ò bá máa rí bọ́ọ̀sì èrò láti Birmingham níbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n gbẹ́ odò àtọwọ́dá kan wọ Peckham ní 1826 kí ọkọ̀ ojú omi lè máa kó gẹdú àti èédú wọlé, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fòpin sí ọjà àríyá tí abúlé máa ń ṣe lọ́dọọdún, wọ́n ní ó ti di ìyọnu, ẹ ti mọ irú àwọn tó ti ń kó wọ àdúgbò nígbà yẹn. Odò àtọwọ́dá yẹn, wọ́n dí i ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, òun ni ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó ti ẹ̀yìn láìbìrì lọ sí Burgess Park, tí ọmọ wa bá ti gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ rí, ìsàlẹ̀ odò ló ti gùn ún.

Ọ̀rọ̀ iye èèyàn ló máa jẹ́ kó yé e bó ṣe yára tó. Gbogbo párìṣì Camberwell tí Peckham wà nínú ẹ̀, èèyàn bíi 7,000 ló wà níbẹ̀ ní 1801. Nígbà tó fi máa di 1901 wọ́n ti lé ní 250,000. Ọgọ́rùn-ún ọdún péré! Kódà káńsù ìgbà yẹn sáré ra pápá Peckham Rye ní 1868 kí àwọn kọ́lékọ́lé má bàa kọ́ ilé lé e, tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, a ò ní ní ibi tí a ti ń ṣe fàájì nígbà òòrùn. Ní 1889 wọ́n yọ ọ́ kúrò ní Surrey fi sí London, ní 1965 ó di ara Southwark. Ìyẹn ni mo fi máa dáhùn "báwo ló ṣe di London".


Iya_Elewedu:

Ẹ̀yin ọkùnrin yìí ẹ ti sọ ti màlúù ẹ ti sọ ti ẹṣin, ẹ jẹ́ n sọ ti èèyàn.

Mo dé Peckham ní January 1987, ẹni tó bá wà níbẹ̀ lọ́dún yẹn á mọ ohun tí mò ń wí, yìnyín bo gbogbo ilẹ̀, bàtà sálúbàtà ni mo wọ̀ wá láti Abẹ́òkúta. SAP, ètò ọrọ̀ ajé tí Babangida mú dé ní 1986, ló lé wa, ọkọ mi ń ṣe tísà, owó oṣù ẹ̀ ò ra nǹkan mọ́. Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ dé o, àwọn tó wá kàwé láyé 1960 wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn yẹn ò rò pé àwọn máa pẹ́, ìwé ẹ̀rí ni wọ́n wá gbà, tí wọ́n bá gbà á tán ilé ti yá. Àwọn míì nínú wọn fi ọmọ sọ́dọ̀ òyìnbó alágbàtọ́ kí wọ́n lè ráyè kàwé, ọ̀rọ̀ yẹn ní omijé nínú, mi ò ní wọ ibẹ̀.

Ìdí tó fi jẹ́ Peckham ni pé ilé káńsù pọ̀ níbẹ̀. Bọ́ǹbù Hitler ti fọ́ ilé rẹpẹtẹ, wọ́n tún wó púpọ̀ nínú èyí tó kù, wọ́n wá kọ́ àwọn ẹ́séètì ńláńlá. North Peckham tí mo gbé, láàárín 1966 sí 1972 ni wọ́n kọ́ ọ, àwọn tó yàwòrán ẹ̀ ní kí mọ́tò máa gba ìsàlẹ̀ kí èèyàn máa gba òkè, ni wọ́n bá ń fi afárá so ilé mọ́ ilé, o lè rìn jìnnà kí ẹsẹ̀ ẹ má kan ilẹ̀. Lórí ìwé ó dáa. Tó o bá wá ń bọ̀ níbi iṣẹ́ ìnulẹ̀ láago mẹ́wàá alẹ́, tí gílóòbù ti kú lójú afárá mẹ́ta, tí ò ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn ẹ, wàá mọ̀ pé ẹni tó yà á kì í gbé ibẹ̀. Síbẹ̀ mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ibẹ̀ náà ni aládùúgbò mi tó jẹ́ ará Ìrẹ́láńdì ti ń bá mi mú ọmọ láti ilé ìwé lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́rin tí kò gba kọ́bọ̀.

Oúnjẹ ńkọ́? Ìgbà tí mo dé, iṣu wà ní Choumert Road lọ́wọ́ àwọn ará Jàmáíkà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà, àmọ́ ewédú ò sí! Gbígbẹ lẹnì kan máa ń gbé wọlé nínú báàgì, a ó pín in bí oògùn. Mo ti fi sípínáṣì òyìnbó àti kọ́ún ṣe nǹkan kan rí tí ọkọ mi jẹ tó ní kí n má ṣe é mọ́ láyé. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó o wá, ẹnì kan á gba tábìlì kékeré níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì, ọdún méjì ó ti gba ìdajì ṣọ́ọ̀bù, ọdún márùn-ún ó ti gba gbogbo ẹ̀. Bí Rye Lane ṣe di Èkó kékeré nìyẹn. Lónìí ẹlẹ́ran tó jẹ́ ará Afghanistan ló máa bi ẹ́ pé "àǹtí, ṣàkì àbí ẹ̀dọ̀", kò ní ṣì í pè.

Ilé ìtajà ńlá kan wà ní igun Rye Lane, Jones & Higgins, 1867 ni wọ́n ṣí i, 1980 ni wọ́n tì í, ilé ẹ̀ tó ní aago lórí ṣì wà níbẹ̀. Ìyá òyìnbó kan tí mo ń bá tọ́jú ilé máa ń sunkún lé e, á ní wọ́n máa ń wọ gílọ́ọ̀fù lọ ra nǹkan níbẹ̀ nígbà èwe òun, Rye Lane ti bàjẹ́. Mo ní màámi, ẹ wá wo ọjà lọ́jọ́ Sátidé, ẹsẹ̀ ò gbèrò, èwo ló bàjẹ́ níbẹ̀?

Mi ò lè sọ ìtàn Peckham kí n má dárúkọ Damilọ́lá Taylor. August 2000 ló dé láti Èkó, ọjọ́ 27 November ọdún yẹn ni wọ́n pa á, ó ń bọ̀ láti láìbìrì, láìbìrì tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lọ́dún kan náà, tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Stirling pé kò sí ilé tó dáa tó o lọ́dún yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọmọ tèmi náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Nígbà yẹn wọ́n ti ń wó North Peckham lọ, wọ́n ti kó wa sí ilé tó ní ilẹ̀kùn tiẹ̀ àti ọgbà kékeré lẹ́yìn, ṣùgbọ́n fún oṣù mẹ́ta mi ò jẹ́ kí ọmọ mi dá jáde. OmoOluyole, mi ò ní ó kọ ìyẹn sínú iṣẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án o, àmọ́ ìwọ tó o jẹ́ bàbá gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.


BornAtKings:

Ẹ kú alẹ́ ẹ̀yin àgbà, ẹ forí jì mí, Yorùbá mi ò gún tó, bí mọ́mì mi ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń kọ ọ́.

Ẹ ti sọ gbogbo ẹ̀ dé 2000, kò sẹ́ni tó sọ ti ìsinsìnyí. December 2012 ni tréènì Overground tuntun bẹ̀rẹ̀ sí so Peckham mọ́ Clapham, látìgbà yẹn ni gbogbo nǹkan ti yí padà. Ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà púpọ̀ tí mọ́mì mi máa ń páàkì sí tó máa ń rùn, wọ́n sọ àwọn àjà kan níbẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù àwọn ayàwòrán àti ibi ìjẹun ní 2017, ilé ọtí kan wà lórí òrùlé ẹ̀ tí àwọn èèyàn ń tò fún bí wọ́n ṣe ń tò fún fíísà. Ilé Bussey lẹ́yìn Rye Lane, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe igi kíríkẹ́ẹ̀tì láyé Victoria ni, nígbà tí mo wà ní kékeré ṣọ́ọ̀ṣì tí a ń lọ wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, àjà kẹta, kò sí líífì, pásítọ̀ ní ẹni tó bá gùn ún dókè ti gba ìbùkún ìdajì. Nígbà tó yá náìtì-kúlọ́ọ̀bù ló wá wà nínú Bussey. Ilé kan náà, ariwo kan náà, àmọ́ nígbà tó jẹ́ ariwo ṣọ́ọ̀ṣì làwọn èèyàn ń kọ̀wé ẹjọ́.

Àwọn àǹtí tó ń dirun lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítéṣọ̀n náà, torí pé wọ́n fẹ́ ṣí iwájú sítéṣọ̀n sílẹ̀ kó lẹ́wà, wọ́n kó púpọ̀ lára wọn lọ sí Peckham Palms. Ibẹ̀ mọ́, ó dáa, àmọ́ ẹni tó ń dirun mi ní ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú tréènì ò rí òun mọ́.

Èmi fúnra mi ò gbé Peckham mọ́. Lándìlọ́ọ̀dù fi rẹ́ǹtì kún un lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan, mo kó lọ sí Thamesmead, ẹ wá wo Thamesmead, gbogbo wa la wà níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi John Boyega hàn lórí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ní ọmọ Peckham ni, inú mi á dùn, lẹ́yìn náà màá ronú pé ṣé ọmọ tí wọ́n bí lónìí sínú ilé Yorùbá á lè sọ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tèmi rèé, àwọn òyìnbó olówó yìí, ṣé wọ́n wá gba Peckham lọ́wọ́ wa ni àbí tiwọn ni tẹ́lẹ̀?


Akowe_Nunhead:

@BornAtKings Yorùbá ẹ ò burú rárá, ó dáa ju ti àwọn ọmọ mi lọ.

Ti wọn ni tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fúnra wọn. Àwọn ilé alájà mẹ́ta tó ń wọ́n bí ojú yìí ní ẹ̀gbẹ́ Peckham Rye, àwọn akọ̀wé àti oníṣòwò tí rélùwéè kó wá ló kọ́kọ́ gbé inú wọn, nígbà tí àwọn ọmọ wọn lówó sí i wọ́n tún bá rélùwéè lọ síwájú, àwọn òṣìṣẹ́ wá ń gbé ibẹ̀ ní yàrá kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn wọn àwọn ará Caribbean, lẹ́yìn wọn àwa. Ìwọ náà ti bá tréènì lọ sí Thamesmead, ẹ wò ó.

Ìyá Ẹléwédú sọ pé kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ dé, òótọ́ ni, mo fẹ́ kí ọmọ wa kọ orúkọ kan sílẹ̀: Dókítà Harold Moody. Ará Jàmáíkà ni, ó dé ní 1904 láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ó yege tán, wọn ò gbà á síṣẹ́ torí àwọ̀ ẹ̀, ló bá ṣí ilé ìwòsàn tiẹ̀ ní Peckham ní 1913. Ní 1931 ó dá ẹgbẹ́ League of Coloured Peoples sílẹ̀. Ilé ẹ̀ ní Queen's Road, nọ́ńbà 164, ẹni dúdú tí onílé ti lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà máa ń rí ibi sùn níbẹ̀. Nígbà yẹn kan náà ni Ladipọ̀ Ṣólàńkẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta tó dá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní 1925 ń wá owó kiri kí wọ́n lè ní họ́sítẹ́ẹ̀lì tiwọn, wọ́n rí i ní Camden ní 1933. Àmì búlúù wà lára ilé Moody, ẹ máa ń bá a pàdé tẹ́ ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì 36.

Ohun kan tó tún ya àwọn dókítà lẹ́nu nígbà yẹn, ní 1935 wọ́n kọ́ ilé ìlera kan sí St Mary's Road, ìdílé á san ṣílè kan lọ́sẹ̀, wọ́n á máa lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, wọ́n á máa jó, dókítà á sì máa wò wọ́n kí àìsàn tó dé. 1950 ni wọ́n tì í. Fúláàtì ló ti dà báyìí, dájúdájú.


OmoOluyole_SE15:

Ẹ ẹ̀ mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún un lálẹ́ àná, mo fo ibi tí Ìyá Ẹléwédú ní kí n fò. Ẹṣin 4,000 ò wú u lórí, áńgẹ́lì ò wú u lórí, ohun tó wú u lórí ni ṣílè 30, ó ní kí n jẹ́ kí àwa náà ra Peckham. Ó wá ní òun fẹ́ fojú rí odò Peck. Ṣé ó ṣì wà ni àbí wọ́n ti dí òun náà?


Akowe_Nunhead:

Wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ ní 1823, abẹ́ títì ló ń gbà báyìí, àmọ́ díẹ̀ ṣì wà lójú táyé nínú Peckham Rye Park, páàkì tí wọ́n ṣí ní 1894 lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Apá ìwọ̀ oòrùn ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ wọ bàtà òjò, ẹrọ̀fọ̀ wà.


Baba_Bosi12:

Bọ́ọ̀sì 12 ni kó o wọ̀. Sọ̀ kalẹ̀ níbi tó ti fẹ́ yà sí Barry Road. Jókòó sí òkè níwájú kí ọmọ lè rí ọ̀nà.


OmoOluyole_SE15:

A ti lọ, a ti dé. Bàbá, òkè níwájú la jókòó sí. Odò náà ò ju gọ́tà ẹ̀yìnkùlé wa ní Mọ́níyà lọ, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ọmọ yìí wo omi yẹn títí, ó ní ṣé màlúù tó pọ̀ tó báyẹn mu nínú ẹ̀ tí kò tán. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi dá a lóhùn. Ó yàwòrán màlúù mẹ́fà sí ojú ìwé kejì.


Iya_Elewedu:

Ṣé ó kọ ti ewédú sí i?


OmoOluyole_SE15:

Ó kọ ọ́ mà. Òun ló fi parí ẹ̀. Ìwé ti padà dé lónìí, tísà fa ìlà pupa sábẹ́ ewédú, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé kí ni èyí. Ọmọ ti ní òun máa gbé díẹ̀ lọ fún wọn nínú kúlà lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló ní tútù ní Rye Lane lọ́sẹ̀ yìí?